Igi Ọdún Kan Lójú Fèrèsé Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó mi kú ni igi tó máa ń fi ewé rẹ̀ se wàrà mu bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé òdòdó ni. Mo rí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ bí irun tó yọ láàárín ewé, mo rò pé kòkòrò ló bà lé e. Inú ìkòkò amọ̀ pupa kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní San Salvario, ní ìlú Turin, lórí bákónì gígùn onírin tí gbogbo àwa tí a ń gbé àjà kẹta jọ ń gbà wọlé. Ìkòkò efinrin wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ìkòkò ewúro wà lósì. Ìyàwó mi ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Igbó ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é ní èdè wa, orúkọ yẹn ni kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi wà níwájú ilé mi. Ní àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ tó bá ń fa igbó ni àwọn òbí máa ń nàka sí láti fi kìlọ̀ fún ọmọ tiwọn. Èmi tí mo ti ka ìwé dé ibi tí wọ́n ń kà á dé, tí mo ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Collegno, tí mo ń retí kí wọ́n pè mí wá búra fún ìwé ọmọ onílùú, èmi ni mo wá ń bomi rin igbó láàárọ̀ kí n tó lọ wọ mẹ́tírò.

Aládùúgbò wa, obìnrin ará Piedmont kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, ló fún ìyàwó mi. Opó ni òun náà, ó ti dàgbà gan-an, ẹnu rẹ̀ sì mú. Apá Carmagnola ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ sì gbin irú igi yẹn títí ó fi kú, nítorí okùn àti aṣọ ìtẹ́bùsùn ni wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe níbẹ̀ láyé àtijọ́. Canapa ló ń pè é, bí ẹni tó ń pe àgbàdo. Ní àkókò yẹn, òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba èyí tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì ń tà á nínú ìkòkò kéékèèké lọ́jà pẹ̀lú àwọn òdòdó mìíràn. Ó ra ọ̀kan láti fi rántí bàbá rẹ̀, ó sì ra ìkejì fún ìyàwó mi.

Ó ní, “Mo máa ń gbọ́ yín láti inú ògiri, signora. Ẹ ò pariwo. Igbe tí ẹ ń gbé mì yẹn ni mò ń gbọ́.”

Jẹjẹrẹ tó mú ìyàwó mi ti wọ inú egungun nígbà náà. Ọsibítù fún un lóògùn, ó ń lò ó. Ó sọ fún dókítà pé òun fẹ́ fi ewé kan kún un, dókítà náà gbé èjìká sókè, ó ní bí ó bá ń jẹ́ kí ó sùn, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún pe alfa kan lórí fóònù. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó gbé wàrà kaná.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ní, “Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ ò mọ ìrora.” Ó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Dádì. Mi ò ní lọ máa já báàgì obìnrin gbà ní ibùdókọ̀ Porta Nuova.”

Ó ṣiṣẹ́ fún un díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó kàn ń jẹ́ kí ó lè jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fọwọ́ kan àwọn ewéko rẹ̀. Ìyàwó mi kì í wo ewéko lásán. Á já orí ẹ̀ka kan, á jù ú sínú ife, ibi tó sì ti já a, ẹ̀ka méjì ni yóò hù dípò ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe igi yẹn títí ó fi fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo lè wo ara igi náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí n máa ka ìrọ̀lẹ́ tí ara rẹ̀ yá. Níbi tí ẹ̀ka kò ti pín sí méjì, ó wà lórí ibùsùn nígbà yẹn.

A sin ín sí abala àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹjọ pé, àwọn obìnrin wa wá láti Moncalieri àti Collegno láti dáná, ilé kún. Ìyá àgbà kan nínú wọn jáde sí bákónì láti sá aṣọ ìnuwọ́. Ó rí igi náà, ó dúró, ó wo inú ilé níbi tí àwọn alfa jókòó sí, ó wo ojú mi. Ó ta aṣọ ìnuwọ́ tútù náà bo igi yẹn láti orí dé ìdí, ó tún un ṣe dáadáa, ó sì padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀. Títí wọ́n fi ṣe àmín tí wọ́n sì lọ, kò sí ẹni tó rí ju aṣọ ìnuwọ́ lọ.

Ọmọ wa obìnrin padà sí Padua lọ́jọ́ kejì, níbi tó ti ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Òun nìkan la bí. Ó ku èmi àti ìkòkò mẹ́ta.

Aládùúgbò wa ló sọ ohun tí nǹkan funfun náà jẹ́ fún mi. Mò ń bomi rin wọ́n, ó ti ojú fèrèsé rẹ̀ yọrí. Ingegnere, ẹlẹ́rọ, ló máa ń pè mí.

“Ó ti ń tanná, ingegnere. Ó ti ń lọ nìyẹn.”

“Ó ń lọ síbo?”

“Ó fẹ́ kú. Igi ọdún kan ni canapa. Ó hù, ó ga, ó tanná, ó parí. Ṣé ẹ rò pé ọsàn ni?”

Mo di irin bákónì mú. Mo ti rò pé bí mo bá ṣáà ń bomi rin ín, yóò máa wà níbẹ̀. Mo bi í bóyá èèyàn lè gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

“Canapa? Hóró rẹ̀ la máa ń fọ́n, bí àlìkámà! Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ẹni tó gé ẹ̀ka canapa gbìn. Bóyá wọ́n ń kọ́ yín níyẹn ní yunifásítì.”

Mo gé e bí wọ́n ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́. Kò sí bí mo ṣe lè mọ ọ̀nà mìíràn. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi fi rán mi níléèwé, ọwọ́ mi sì mọ iṣẹ́ yẹn kí n tó mọ ìwé: o wá igi tó ti gbó, o gé e gbọọrọ, o dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ nínú ilẹ̀, o sì fi oòrùn sílẹ̀ fún un. Ìyàwó mi náà kò gbin ewúro lọ́nà mìíràn. Mo yan ìsàlẹ̀ igi náà tó ti le, mo gé e, mo rì í bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò tuntun, mo gbé e síbi tí oòrùn wà. Gbogbo rẹ̀ gbẹ.

Aládùúgbò wa fi ìka ta ọ̀kan. Ó ró kọ́.

“Igi ìdáná lẹ gbìn, ingegnere. Ẹ ṣeun, òtútù ń bọ̀.”

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ kàwé. Ohun tí mo rí kà ni pé igi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ti kẹ̀yìn sí gbòǹgbò, gbogbo agbára rẹ̀ ti lọ sínú òdòdó. Ó ṣì ṣeé gé gbìn, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ka tó rọ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ gé, kí ó já òdòdó ara rẹ̀ dànù, kí ó sì máa tan iná sí i lọ́sàn-án àti lóru, kí igi náà lè gbà pé ẹ̀ẹ̀rùn ti padà dé. Bí mo ṣe ń kà á ni mo rántí efinrin. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó mi ṣe máa ń ṣe efinrin: orí tó rọ̀, ilẹ̀ tó tutù, àti ìdajì ike omi tó gé, tó dà bò ó bí ilé. Mo ti rí i lójú mi ní àìmọye ìgbà. Mi ò kàn rò pé igbó lè jẹ́ ẹgbẹ́ efinrin.

Mo gé mẹ́ta. Mo já àwọn irun funfun náà kúrò, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò títí di ọjọ́ kejì. Mo gbé wọn sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, lójú fèrèsé yàrá, níbi tí oògùn ìyàwó mi máa ń wà. Mo ra iná funfun kan, mo so ó mọ́ apá fèrèsé. Iná yẹn kì í kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà bo ojú sùn.

Méjì dúdú ní ìdí, wọ́n jẹrà. Ẹ̀kẹta kò gbẹ, kò sì hù. Mo máa ń ṣí ike náà lẹ́yìn àdúrà àsùbáà, omi á máa kán láti inú rẹ̀ bí òógùn, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé bí ó bá gbà, n ó ní ohun kan nínú ilé yìí tí ọwọ́ ìyàwó mi kàn tó ṣì wà láàyè. Ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní fi ṣe nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fà á díẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì láti mọ bó ṣe ń ṣe. Ó fà mí padà. Ó ti di ilẹ̀ mú.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo pe ọmọ mi ní fídíò kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Èdè Italy ni ọmọ mi fi máa ń dá mi lóhùn láti kékeré, èmi á sọ Yorùbá, òun á sọ Italian, a sì ń gbọ́ra wa yé. Ó rí iná náà lẹ́yìn mi.

“Papà, iná wo nìyẹn?”

“Wá wò ó. Mo gé e lára ti ìyá rẹ. Ó ti ta gbòǹgbò.”

Ojú rẹ̀ kúrò lórí fóònù, mo ń wo àjà yàrá rẹ̀.

“Buttala,” ló wí. Jù ú nù.

“Kí ló dé? Ẹ̀ka kékeré báyìí?”

“Jù ú nù, Papà. Mi ò ní padà wọ ilé yẹn bí nǹkan yẹn bá ṣì wà níbẹ̀.”

Mo rò pé ìtìjú ló ń ṣe é, mo sì mọ ìtìjú yẹn ju òun lọ. Mo sọ fún un pé òfin fàyè gba èyí. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin, ó sì gé fóònù. Ó máa ń wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá bi í ìgbà tó ń bọ̀, yóò bi mí bóyá mo ti jù ú nù, èmi á sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Ewé igi yẹn máa ń yà bí ìka ọwọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń yọ báyìí kò ní ìka kankan. Ewé kan ṣoṣo, tó lọ́ bí etí ewúrẹ́, òmíràn sì tẹ̀lé e tó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo pe aládùúgbò wa wọlé wá wò ó. Ó fi awò ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Madonna. Kí lẹ ṣe fún un? Ó ti gbàgbé ara rẹ̀.”

“Iná ló ń jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń padà bọ̀ láti inú òdòdó sínú ewé. Yóò mọ ara rẹ̀ tó bá yá.”

“Òun nìkan kọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ojú yín nínú dígí. Ṣé ẹ ń sùn?”

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ọmọ mi ní Padua. Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, èyí tí mo sè fúnra mi, tí kò dì dáadáa. Òun ló wá pàdé mi. A rìn dé gbàgede Prato della Valle, a jókòó sẹ́bàá omi, a sì ń fi ṣíbí ike jẹ mọ́ínmọ́ín náà bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ.

“Ìyá rẹ ì bá bú mi,” mo wí.

“Wọn ì bá rẹ́rìn-ín,” ló wí. Italian ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ “wọn” náà nínú rẹ̀.

Mo ní kí ó sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó bi mí pé ta ni mo rò pé ó ń se wàrà yẹn ní ọ̀sán, nígbà tí mo bá wà ní Collegno. Òun ni. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó kẹ́yìn yẹn, bó bá ti wá, òun ló ń já ewé, òun ló ń dúró tì í kí ó má bàa hó jù, òun ló ń mú ife náà sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Òórùn náà wọ inú irun rẹ̀. Ó wọ inú ẹ̀wù rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń padà sí Padua, àwọn ọlọ́pàá dúró pẹ̀lú ajá ní Porta Nuova. Ajá náà rìn kọjá gbogbo èèyàn, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì jókòó.

“Ó kàn jókòó ni, Papà. Kò gbó. Ó jókòó síwájú mi, ó ń wò mí.”

Wọ́n mú un wọ yàrá kan. Obìnrin ọlọ́pàá kan ló tú ẹrù rẹ̀, ó tú irun rẹ̀ tó dì. Wọn kò rí nǹkan kan, nítorí kò sí nǹkan kan. Wọ́n bi í níbi tó ti rí owó ilé tó ń gbé. Wọ́n bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ ti lọ, àwọn tó jókòó dúró de ọkọ̀ tó kàn sì ti rí i nígbà tí wọ́n mú un wọlé. Ó jókòó láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ pè é láti mọ̀ bóyá ó ti dé. Ó ní ọkọ̀ pẹ́ ni.

“Nígbà tí mo tún wá sílé, Màmá ní kí n lọ já ewé wá fún wọn. Mo já a wá.”

Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ mi kún fún epo mọ́ínmọ́ín. Ó fún mi ní bébà ìnuwọ́. Mo nu ọwọ́, mo di tirẹ̀ mú, a sì ń wo àwọn ọmọ tó ń ju búrẹ́dì sómi fún pẹ́pẹ́yẹ.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Turin, mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ohun tí mo ń pè ní ọwọ́ ìyàwó mi lára igi yẹn, ọwọ́ ọmọ mi náà wà níbẹ̀. Ewé tí wọ́n já kò lè sọ fún mi ta ló já a. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń kà lára igi, ta ló mọ èyí tó jẹ́ ọ̀sán nínú wọn?

Mo gbé ìkòkò ẹ̀ka náà lọ fún aládùúgbò wa láàárọ̀.

“Kí ni kí n fi ṣe? Okùn?”

“Ohun tó bá wù yín, signora.”

Ó wo ewé tó lọ́ yẹn, ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. Ó ní òun ò ní tan iná fún un o, ilé òun kì í ṣe ilé ijó. Láàárín oṣù yẹn, ẹ̀ka náà yọ òdòdó kékeré kan ṣoṣo, ó sì gbẹ. Ìyá igi náà ti gbẹ tipẹ́. Mo fà á tu, mo sọ ọ́ sínú àpò ìdọ̀tí.

Mo pa iná yàrá. Mo ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé, kí òórùn náà lè jáde pátápátá kí ọmọ mi tó dé. Bí mo ṣe yọrí síta ni mo rí ewúro.

Ewúro yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju ọmọ wa lọ. Láti ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyàwó mi ni igi àkọ́kọ́ ti wá, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn tútù wé sínú àpótí aṣọ. Lọ́dọọdún, kí àwọn ará ìlú yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òdòdó lọ sí itẹ́ òkú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ìyàwó mi yóò ti gbé e wọlé, nítorí ewúro kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yìnyín. Ojú fèrèsé yàrá yẹn ni àyè rẹ̀. Lọ́dún yìí, iná àti ike ló wà níbẹ̀. Ewé rẹ̀ dúdú, ó sorọ̀ bí àkísà. Igi rẹ̀ le gbagidi. Mo gbé e wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù, mo gbé e sórí àpótí náà.

Ọmọ mi dé nígbà tí yunifásítì gba ìsinmi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì léjìká, ó ṣí imú, ó fa atẹ́gùn. Mi ò mira. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó rìn yí ilé ká, ó dé yàrá.

“E l'ewuro?”

Ewúro ńkọ́? Ó ti rí i. Mo rò pé yóò pariwo, yóò bi mí pé kí ni mo ń ṣe nígbà tí yìnyín ń bọ̀, n ó sì ní láti sọ fún un. Kò bi mí. Ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí náà nínú kóòtù rẹ̀. Ó fi èékánná họ èèpo igi náà lókè. Ó gbẹ. Ó họ ọ́ láàárín. Ó gbẹ. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe rí i tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe, títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Ó họ ọ́ níbẹ̀, ó dúró.

“Papà. Vieni.” Ẹ wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ bóyá àwọ̀ ewé ni mo rí tàbí ohun tí mo fẹ́ rí. Ó fi ahọ́n kan ibi tó họ, ojú rẹ̀ sì fà ro bíi ti ọmọdé.

“È amara.”

“Ṣé ó ṣì korò?”

“Ẹ tọ́ ọ wò.”

Yorùbá ló fi sọ èyí, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ mú ọ̀bẹ wá, mo sì fi hàn án lára ewúro náà bí wọ́n ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́.